Ìbọ̀wọ́ Irin Àkàndé: Bí Àwọn Olólùfẹ́ Géèmù Ṣe Ń Tú Ìtàn, Tí Wọ́n sì Ń Dá Eré Lẹ́jọ́

Ní Ugbolokposo, lẹ́bàá Effurun nítòsí Warri, kò dìgbà tí èèyàn bá ra géèmù kó tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹni tó di pádì mú ni adájọ́. Agbègbè tí ọmọ ilé-ìwé pọ̀ sí ni: PTI, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ epo rọ̀bì, wà ní Effurun, yunifásítì epo rọ̀bì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 sì wà ní Ugbomro. Níbi tí ọ̀dọ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù géèmù kì í wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan, PlayStation tó ti gbó díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, àti òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn mọ̀: ẹni tó bá borí á dúró, ẹni tó fìdí rẹmi á gbé pádì fún ẹni tó kàn. Ẹni tó ń retí kó kan òun kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wòran, kó sì máa sọ̀rọ̀. Pijin ni wọ́n fi ń sọ ọ́ jù, Urhobo a wọ̀ ọ́, ọmọ Yorùbá tí ọ̀nà oúnjẹ gbé òbí rẹ̀ dé Warri a sì fi tirẹ̀ kún un.

Ẹni tó bá rántí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń pé jọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀, tí wọ́n á ka àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì jiyàn lé e lórí títí oòrùn á fi mú láìra ẹyọ kan, yóò mọ irú àwùjọ tí mò ń wí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan. Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn, èèyàn lè wo géèmù kan lọ́wọ́ ogún èèyàn kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, á sì ti mọ ibi tó dùn, ibi tó ń há, àti ibi tí ìtàn rẹ̀ ti já sófo. Ohun tó mú kí n ka ìjiyàn wọn sí iṣẹ́ gidi ni pé géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ ìtàn ara rẹ̀ tán. Ó ń fọ́n ọn ká ni, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń ṣà á jọ. Ìdájọ́ tí kò bá ka iṣẹ́ ìṣàjọ yìí mọ́ eré náà, ààbọ̀ eré ló dá lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn oníròyìn ṣe ń ṣe tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí ọjọ́ títà tó pé, á sì bá wọn dá ọjọ́ àti wákàtí tí wọn kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan jáde ṣáájú rẹ̀. Bí wákàtí yẹn bá pé, gbogbo wọn á tú ọ̀rọ̀ wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Metacritic, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, á kó máàkì wọn jọ, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí 100. Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Valve ń ṣe, gba ọ̀nà mìíràn láti 2013. Kò béèrè máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan péré ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní géèmù náà: ṣé o lè gba ẹlòmíràn níyànjú pé kó rà á, àbí o kò lè gbà á? Lẹ́yìn èyí, á ṣírò ìdá àwọn tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni nínú ọgọ́rùn-ún. Wákàtí tí onítọ̀hún ti lò nídìí eré náà á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a ó fi lè mọ ẹni tó lo wákàtí 300 yàtọ̀ sí ẹni tó ṣí i wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wákàtí yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní oṣù Kẹfà 2020 tí The Last of Us Part II jáde, àwọn oníròyìn fún un ní máàkì tó lé ní 90. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti da òdo lé e lórí ní àyè tí Metacritic fi sílẹ̀ fún máàkì àwọn olùlò, nígbà tó jẹ́ pé géèmù náà ń gbà tó wákàtí 20 sí 30 kí èèyàn tó dé òpin rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọni tí wọ́n fẹ́ràn, inú sì bí wọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Metacritic ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ fún géèmù tuntun ní máàkì gbọ́dọ̀ dúró di wákàtí 36 lẹ́yìn tó bá jáde. Èmi fara mọ́ òfin náà. Èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ìtàn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà dé òpin.

Géèmù tí a ń dá nìkan gbá kò nira tó bẹ́ẹ̀ láti dá lẹ́jọ́. Grand Theft Auto: San Andreas tó jáde ní 2004 ṣì ń sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọdún 1992 ni, wọ́n pa ìyá CJ, CJ padà sí Los Santos fún ìsìnkú, ọlọ́pàá Tenpenny mú un kó tó délé, ọ̀rẹ́ tó ń jẹ Big Smoke sì dalẹ̀ rẹ̀ níkẹyìn. Ẹni tó gbá a lórí PlayStation 2 nígbà náà àti ẹni tó ń gbá a lórí fóònù lónìí lè jókòó jiyàn lórí Big Smoke láìsí pé ọ̀kan rí ohun tí èkejì kò rí. Gbogbo ìtàn náà ló wà nínú díìsìkì. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa dúró kí ẹnì kan jókòó gbọ́ ìtàn. Ìtàn gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn wọlé.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí Yorùbá mọ̀ dáadáa ni Overwatch, eré ìjà tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2016, ẹni mẹ́fà sí ẹni mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀ kí eré náà tó dé ọjà. Ní oṣù Kọkànlá 2014, Blizzard gbé fídíò ìpolówó kan jáde. Ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n dúró síwájú ìbọ̀wọ́ irin ńlá kan nínú gíláàsì. Àwọn olè wọlé wá jí i, akọni méjì dìde sí wọn, ìjà dé. Nínú rúkèrúdò náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ náà, ó sì fi gbá olè kan dànù. Fídíò náà parí. Ta ló ni ìbọ̀wọ́ náà? Kí ló fi ń ṣe? Wọn kò sọ.

Nígbà tí eré náà jáde, ìbọ̀wọ́ yìí tún fara hàn ní pápá ìjà kan tí wọ́n ń pè ní Numbani, ìlú tí Blizzard fọkàn dá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí èèyàn àti rọ́bọ́ọ̀tì ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ọkọ̀ kan ló ń gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹgbẹ́ kan á sin ọkọ̀ náà, ẹgbẹ́ kejì á dí i lọ́nà. Èèyàn lè sin ọkọ̀ yẹn fún ọdún kan láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wò ó ni ìtàn náà jẹ́ tiwọn. Wọ́n rí àwòrán ọkùnrin mẹ́ta tó ti wọ ìbọ̀wọ́ náà rí: ọ̀kan olùgbàlà, ọ̀kan apanirun, ọ̀kan arọ́pò. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀: arọ́pò yìí, ibo ló wà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, àwọn tó wọ Numbani bá pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ tí ẹnì kan ti ba nǹkan jẹ́, rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ẹ̀ṣọ́ fọ́ sílẹ̀ káàkiri. Kò sí ìkéde kankan láàárín eré pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Blizzard sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan, Efi Oladele, ọmọ Numbani, tó fi owó ẹ̀bùn ìmọ̀ tó gbà ra ọ̀kan nínú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó fọ́ náà, tó tún un ṣe, tó sì sọ ọ́ ní Orisa. Orisa wọ eré náà gẹ́gẹ́ bí akọni ní oṣù Kẹta 2017. Ní àárín ọdún náà, gíláàsì inú ọkọ̀ fọ́, ìbọ̀wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Keje ni ẹni tó mú un jáde síta: Akande Ogundimu, ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n kọ Ọ̀yọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìdílé rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ogun bá a jà, ó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀. Akinjide Adeyemi, tó ni ìbọ̀wọ́ náà ṣáájú rẹ̀, fà á wọ ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí tí wọ́n ń pè ní Talon. Àkàndé pa á, ó gba ìbọ̀wọ́. Wọ́n tì í mọ́lé. Ó jáde, ó sì wá gba ohun tó kà sí tirẹ̀ padà.

Ẹ kíyè sí bí ìtàn yìí ṣe rìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ìdá kan wà nínú fídíò, ìdá kan lára ògiri, ìdá kan nínú ọkọ̀ tó ń yí lọ nígbà tí ọta ìbọn ń fò, ìdá kan nínú gbólóhùn méjì mẹ́ta tí àwọn akọni kan ń sọ síra wọn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá bá ara wọn nínú ẹgbẹ́ kan náà. Oníròyìn tó fún Overwatch ní máàkì ní oṣù Karùn-ún 2016 kò lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn tó rí i ni àwọn tó ń padà wá lójoojúmọ́, tí ọ̀kan ń pe èkejì pé, "Wò ó, gíláàsì ti fọ́ o." Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n rí nǹkan sílẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán àná wé ti òní, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n ń gbà á tì: ọ̀pọ̀ wọn fi gbogbo ẹnu bẹ Blizzard pé kí wọ́n gbé ohùn Àkàndé fún Terry Crews, òṣèré Amẹ́ríkà tí òun náà fẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Sahr Ngaujah ni wọ́n gbé e fún. Inú mi dùn sí èyí, nítorí Ngaujah ni ó ṣe Fela nínú eré orí ìtàgé Fela! ní Broadway ní 2009. Ó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú ara ọkùnrin Yorùbá tó máa ń bínú kó tó gbé ìbọ̀wọ́ Àkàndé wọ̀.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ní ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ nìyí. Orúkọ dára: Àkàndé, Akínjídé, Adéyẹmí, Ọládélé. Wọ́n dún bí orúkọ àwọn tó wà láyé, wọn kò dún bí orúkọ tí àjòjì hun ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ tí wọ́n kọ síwájú Àkàndé kò ju ọ̀rọ̀ lórí ìwé lọ. Kò sí pápá ìjà kankan nínú eré náà tó gbé wa dé ibẹ̀. A mọ èrò rẹ̀, pé ìjà ló ń sọ ẹ̀dá di alágbára, a sì lè bá a jiyàn. Ohun tó mú ọmọ ìlú àgbà bẹ́ẹ̀ gba irú èrò yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ nílé, kò sí níbì kan. Àbọ̀ ìdájọ́ tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìsẹ́yìn bá kọ gbọ́dọ̀ béèrè èyí, kó sì béèrè rẹ̀ tipátipá. Oníròyìn ìlú òyìnbó kò ní í béèrè, nítorí kò mọ̀ pé ó ṣófo.

Nígbà tó yá, ìtàn ọ̀hún gan-an ló ba Overwatch jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Blizzard kéde Overwatch 2, wọ́n sì ṣèlérí pé ìtàn máa wà nínú rẹ̀ báyìí, pé àwọn èèyàn máa lè bá akọni wọn lọ sí ojú ogun ìtàn láìbá ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wọn jà. Eré náà jáde ní oṣù Kẹwàá 2022 láìsí ìtàn tí wọ́n ṣèlérí. Ní oṣù Karùn-ún 2023 wọ́n sọ pé àwọn ti pa apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ tì. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, eré yìí wọ Steam fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ ìtàn mẹ́ta ní dọ́là 15. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òun ni géèmù tí àwọn olùlò dá lẹ́bi jù lọ ní gbogbo Steam.

Ẹni tó bá kàn wo ipò yẹn á ní eré náà kò dára rárá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá tú òkìtì ìbínú yẹn wò, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni a ó rí. Àwọn kan ń sunkún ìtàn tí wọ́n dúró dè láti 2019. Àwọn kan ń bínú sí owó tí wọ́n ń bù lé gbogbo nǹkan. Àwọn tó pọ̀ gan-an sì jẹ́ ọmọ Ṣáínà tí Blizzard ti ti eré wọn pa ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà nígbà tí òun àti alájọṣe rẹ̀ níbẹ̀, NetEase, kò rí àdéhùn wọn tún ṣe. Steam ni àyè àkọ́kọ́ tí wọ́n rí láti sọ̀rọ̀. Bí ìbọn ṣe ń yìn àti bí akọni ṣe ń sáré, tó jẹ́ ohun tí pádì ń rí lójoojúmọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀sùn. Mo gbà pé Blizzard jẹ̀bi ìtàn. Àmọ́ ẹni tó kọ èébú gbólóhùn kan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó kọ ojú ìwé kan nípa ohun tí wọ́n ṣèlérí, ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀, àti ohun tó jáde, òun ló ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́.

Bọ́ọ̀lù ni géèmù tó gbajúmọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu bí mo bá ní ìtàn wà nínú bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, FIFA 17 dé pẹ̀lú The Journey, ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alex Hunter tó ń wá ọ̀nà wọ Premier League, bí bàbá àgbà rẹ̀ ti ṣe gbá bọ́ọ̀lù nígbà tirẹ̀. Adetomiwa Edun, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó tó di òṣèré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe Alex Hunter. Èmi kì í gbàgbé èyí: ìgbà àkọ́kọ́ tí FIFA máa ní akọni ìtàn, ohùn ọmọ Yorùbá ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn náà dùn, bàbá àgbà yẹn pàápàá. Ó sì ní àléébù kan tí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tètè ń rí. Ó lè jẹ́ pé ìwọ tó di pádì mú ti gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Kóòṣì á ṣì pè ọ́, á ní o kò tíì gbó, á yá ọ fún ẹgbẹ́ ìpele kejì. Ohun tí ìtàn ń wí àti ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe kọ̀ láti bára mu. Ibí yìí ni ẹni tó ń wòran ti ń bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì jẹ́ àríwísí tó péye nípa ìtàn inú géèmù. Lẹ́yìn FIFA 19, wọ́n pa Alex Hunter tì.

Konami ní tirẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe PES, eré tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi kọ́ bí a ṣe ń di pádì mú, yí orúkọ eré náà padà sí eFootball, ó sì gbé ẹ̀dà 2022 jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ́ bí ojú ère tí iná ràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni eré náà di èyí tí wọ́n dá lẹ́bi jù ní Steam, ipò tí Overwatch 2 wá gbà ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, Konami sì tọrọ àforíjì. Kò sí ìtàn kankan nínú ẹjọ́ yìí, eré ló bàjẹ́.

Èyí tó kan wa jù ní Nàìjíríà ni Helldivers 2, tí ilé-iṣẹ́ Arrowhead ní Sweden ṣe, tí Sony sì gbé jáde ní oṣù Kejì 2024. Ogun kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń jà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹni mẹ́rin bá ṣe lálẹ́ òní ní Warri á kún ohun tí àwọn mìíràn ṣe ní Tokyo, àpapọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ ayé wo ni ọ̀tá gbà, ayé wo ni a gbà padà. Ayé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Malevelon Creek, igbó kìjikìji tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń yọ láti ẹ̀yìn igi. Àwọn èèyàn kan kọ̀ láti fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara wọn bí ẹni tó ti ojú ogun gidi bọ̀, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń ṣe fídíò ìrántí. Nígbà tí wọ́n gba ayé náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, Arrowhead ya ọjọ́ 3 oṣù náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú síbẹ̀, wọ́n sì fún àwọn olùlò ní aṣọ ìlékè kan. Olólùfẹ́ ló dá ìtàn yẹn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kàn fi òǹtẹ̀ lù ú ni.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, Sony ní ẹni tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì PlayStation. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation ṣí àkáǹtì fún. Àwọn tó ń lo PlayStation lọ́dọ̀ wa ń fi orúkọ Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì forúkọ sílẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó ti san owó rẹ̀ lè sùn kó jí kó má lè wọ eré rẹ̀ mọ́. Ẹni tó lé ní 200,000 lọ sí Steam, wọ́n kọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sony yí ohùn padà. Àwọn kan ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ eré, pé ìfẹ̀hónúhàn ni. Èmi kò gbà. Bí ìtàn Helldivers 2 bá jẹ́ ogun tí gbogbo ayé ń jà pọ̀, tí wọ́n wá ti ìdajì ayé síta, ìtàn náà gan-an ni wọ́n fọ́. Ó tọ́ kí ẹni tó ń dá eré lẹ́jọ́ sọ ọ́.

Èyí mú mi padà sí ohun tí àbọ̀ ìdájọ́ tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Los Angeles kò lè sọ fún ọmọ Ugbolokposo. Lákọ̀ọ́kọ́, bí server eré bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà jìn. Láti Warri dé Lọ́ńdọ̀nù lé ní kìlómítà 5,000. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ ìròyìn kan kò lè dín ní ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kódà bí wáyà bá gún bí ọ̀pá. Wáyà kì í gún. Ó ń gba etí òkun yí ká, ó ń kọjá lọ́wọ́ ẹ̀rọ púpọ̀, iye yẹn a sì máa di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ti gba bọ́ọ̀lù kí ìwọ tó rí i. Nínú Overwatch, ìbọ̀wọ́ Àkàndé ti gbá ọ mọ́ ògiri kí o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Eré kan náà, máàkì kan náà, ohun tí ojú rí yàtọ̀. Èkejì ni ìwọ̀n rẹ̀: ọ̀pọ̀ géèmù ńlá lóde òní lé ní gígábáìtì 100, tí ilé-iṣẹ́ ń fi àtúnṣe kún lóṣooṣù. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ á ti ná owó géèmù mìíràn kó tó ṣí èyí. Ẹni ọdún méjìdínlógún tó ń ṣe ìpinnu yìí nílò kí ẹnì kan sọ ọ́ fún un ní tààràtà: àbúrò, bí o kò bá ní dátà, má dá a lábàá.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ìtàn gan-an. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2019, Fortnite jẹ́ kí ihò dúdú gbé gbogbo erékùṣù rẹ̀ mì níṣojú àwọn tó ń gbá a. Ó lé ní ọjọ́ kan tí kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ ju ihò dúdú náà lọ, kí ayé tuntun tó yọ ní ọjọ́ 15. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè wo fídíò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbá a mọ́ láé. Overwatch àkọ́kọ́ náà ti lọ: ní oṣù Kẹwàá 2022 ni Blizzard ti server rẹ̀ pa kí èkejì lè wọlé. Máàkì rẹ̀ ṣì wà ní Metacritic síbẹ̀, nọ́ńbà tó ń dá ohun tí kò sí mọ́ lẹ́jọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni ohun tí àwọn olólùfẹ́ kọ sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ìjiyàn ṣọ́ọ̀bù parí sínú ṣọ́ọ̀bù. Fóònù tó wà lápò gbogbo wọn ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá parí ìtàn eré kan, kó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Yorùbá tàbí Pijin tàbí Urhobo, bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Kó sọ ẹ̀dà tó gbá àti ọjọ́ tó gbá a, nítorí oṣù tó ń bọ̀ ó lè ti yàtọ̀. Kó sọ bóyá fóònù ni tàbí PlayStation, iye dátà tó jẹ, bóyá ó há tàbí kò há, àti bóyá ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gbá nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kó wá sọ ìtàn: ta ni akọni, kí ló ń wá, ibo ni ó ti rí ìdá kọ̀ọ̀kan ìtàn náà kó tó so ó pọ̀, ibo ni òun ò sì gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Kó fi máàkì sílẹ̀ fún àwọn tó ń fúnni ní máàkì.